Kí AI Lè Máa Dárúkọ Ṣọ́ọ̀bù Rẹ: Ọgbọ́n Tí Mo Kọ́ ní Ìtòkú

Ọmọ ìyá mi, fa àpótí sún mọ́ mi. Bí o bá jù mí lọ lọ́jọ́ orí, má bínú pé "o" ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin kan tó ti Èkó wá ń bọ̀ lójú ọ̀nà wa, ó gbé fóònù síwájú bí ẹni gbé àtùpà. Mo kí i, mo ní kó wá wo ọjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, ṣọ́ọ̀bù kan ni mò ń lọ." Ṣọ́ọ̀bù wo? Ti ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni, tí mo ṣe fíríìdọ̀mù fún ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn!

Nígbà tó ń padà lọ pẹ̀lú àpò ńlá méjì, mo bi í pé ta ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó ní, "ChatGPT ni mo bi."

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́: inú mi kò dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú àró? Ṣùgbọ́n nígbà tó di Mọ́ńdè, mo gbé ìgbéraga tì, mo ra ọsàn dání, mo lọ bá a. Mo ní, "Ó yá, kọ́ èmi náà." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó kọ́ mi, àti èyí tí mo fojú ara mi rí lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bí o bá ń ránṣọ ní Ṣakí, tí o ń dirun ní Òṣogbo, tàbí tí o ń se oúnjẹ òde ní Peckham, tìrẹ náà wà níbẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ò ń bá lò

Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá wá nǹkan lórí Google, á kó orúkọ jọ gbọọrọ fún un, á ní kó lọ ṣà nínú wọn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ní 2024, Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdáhùn tí AI kọ sókè àbájáde rẹ̀. Gemini wà lórí fóònù Android. Meta AI ti jókòó sínú WhatsApp tí o ń lò lójoojúmọ́. Òrùka kékeré tó ń dán yẹn ni.

Nítorí náà, oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ méjì péré mọ́. Ó ń kọ pé: "Mo ń bọ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Níbo ni mo ti lè rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fọwọ́ ṣe, tí kì í ṣe ti Ṣáínà?" Ẹ̀rọ á ronú díẹ̀, á dárúkọ ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá dárúkọ rẹ, oníbàárà yẹn kò ní mọ̀ pé o wà láyé.

Báwo ló ṣe ń yan ẹni tó máa dárúkọ? Ronú nípa ìyá alágbàdo tó jókòó sí oríta. Kò ra àdìrẹ rí, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo àlejò ń bi ní ọ̀nà. Ẹni tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, ló máa júwe. Bí ẹnìkan bá ní apá ọ̀tún lo wà, tí ẹlòmíràn ní apá òsì ni, ìyá yìí á fi tìrẹ sílẹ̀, á dárúkọ ẹni tó dá a lójú.

Bí AI ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ rí, kò fọwọ́ kan aṣọ rẹ rí. Ohun tí ìwọ kọ nípa ara rẹ, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa rẹ, ló ń tún sọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ fún ọ ti ń bẹ̀rẹ̀: sọ ara rẹ kedere, sọ ohun kan náà níbi gbogbo, kí o sì jẹ́ kí àwọn mìíràn bá ọ jẹ́rìí.

1. Bi ẹ̀rọ náà léèrè kí o tó ṣe ohunkóhun

Mú ìwé àti bírò. Bi ChatGPT, bi Gemini, bi Meta AI, kí o sì wá a lórí Google. Má dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ o! Béèrè bí àlejò tí kò mọ̀ ọ́ rí ṣe máa béèrè: "Ta ló ń rán aṣọ ọmọdé dáadáa ní Ṣakí?" Béèrè ní èdè òyìnbó, kí o tún béèrè ní Yorùbá.

Kọ orúkọ àwọn tó dárúkọ sílẹ̀. Kọ ohun tó sọ nípa wọn. Bó bá fi ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ náà hàn, tẹ̀ ẹ́, kí o wo ibẹ̀. Níbi tí orúkọ wọn wà yẹn ló yẹ kí tìrẹ náà wà.

Lẹ́yìn náà, wá fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ gan-an béèrè. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ẹ̀rọ ní aṣọ rírán ni mò ń tà, ó sì fún mi ní nọ́ńbà fóònù tí wọ́n jí mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, mo mọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

2. Gba ilé rẹ lórí Google

Orúkọ rẹ̀ ni Google Business Profile. Google My Business ni wọ́n ń pè é títí di 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù rẹ ti wà lórí máàpù láìjẹ́ pé ìwọ lo fi síbẹ̀. Wá a, bí o bá rí i, sọ pé ìwọ lo ni ín. Bí kò bá sí, ṣí tuntun.

Google á fẹ́ kí o fi hàn pé òótọ́ lo wà níbẹ̀, fídíò ló sì sábà máa ń béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya tèmi. Àkọ́kọ́, ìka ọmọ mi bo ojú kámẹ́rà. Ìkejì, mo gbàgbé pátákó. Ìkẹta, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, mo ya àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí mi ká, mo ya pátákó mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, mo ya àwọn aṣọ tó wà lórí pẹpẹ. Mi ò dá a dúró lágbedeméjì, mi ò gé e. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ó ti wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ pé òun ni aṣojú Google, pé kí o sanwó kí orúkọ rẹ má bàa parẹ́ lórí máàpù, pa fóònù náà, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

3. Orúkọ kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà kan

Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù nìyí. Lórí pátákó, orúkọ mi ni. Lórí Facebook, orúkọ àwọn ìbejì mi ni. Lórí Instagram, orúkọ òyìnbó gígùn kan tí mo rò pé ó gbayì ni. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sì wà káàkiri, ọ̀kan kò sí mọ́, èkejì wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ni mí, kò sì sí èyí tó lókìkí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Yan orúkọ kan lónìí, kó jẹ́ èyí tó wà lórí pátákó rẹ. Lo ó níbi gbogbo, lẹ́tà fún lẹ́tà. Kọ nọ́ńbà rẹ pẹ̀lú +234 níwájú, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè tẹ̀ ẹ́ kó sì wọlé.

Má sì kó ọ̀rọ̀ ìpolówó kún orúkọ. Àwọn kan ń kọ "Àdìrẹ Gidi Tó Pọ́ọ́kú Jù l'Abẹ́òkúta" síbi orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Google lòdì sí i, wọ́n sì lè ti ojú ìwé rẹ pa nítorí rẹ̀. Orúkọ ni kó wà níbi orúkọ.

4. Júwe ibi tí o wà, kó lè yé ènìyàn àti ẹ̀rọ

Àwa ọmọ Abẹ́òkúta mọ "ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ilé alájà mẹ́ta." Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Kọ orúkọ òpópónà, kọ orúkọ ọjà, kọ orúkọ ìlú àti ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ ohun tí gbogbo àlejò mọ̀ tó wà nítòsí. Ní tiwa, Òkè Olúmọ ni. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá wo Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Bí òpópónà rẹ kò bá ní nọ́ńbà ilé, lo Plus Code. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan ni, tí àmì + wà láàárín wọn. Láti 2015 ló ti wà lórí Google Maps, nítorí irú àdúgbò tiwa yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Tẹ ìka mọ́ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà lórí Google Maps, á jáde fún ọ.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni kí o ti ṣe èyí o! Èmi jókòó sínú pálọ̀ nílé, mo fi àmì máàpù síbi tí mo wà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà mẹ́ta kan ilẹ̀kùn ilé wa, ọkọ mi sì fi ṣòkòtò penpe jáde sí wọn. Ó ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

5. Sọ ohun tí o ń tà bí oníbàárà ṣe ń pè é

Wo ohun tí mo kọ síbi àpèjúwe tẹ́lẹ̀: "A ń ta oríṣiríṣi aṣọ ìgbàlódé tó jojú ní gbèsè. Ẹ wá, ẹ kò ní kábàámọ̀." Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi kà á, ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, kí lẹ ń tà gan-an?"

A jókòó, a tún un kọ: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àdìrẹ oníko ni a ń tà ní ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ni a fi ń ṣe wọn. Yáàdì márùn-ún ni ìdì kan. A ń ta ẹyọ kan, a ń tà fún àwọn tó ń tún un tà, a ń ṣe aṣọ ẹbí, a sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. A ń ṣí láti Mọ́ńdè sí Sátidé."

Ṣé o rí i? Kò sí ìyìn kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá ìbéèrè kan lóhùn. Bí ẹnìkan bá bi AI pé ta ló ń ṣe aṣọ ẹbí aládìrẹ, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. "Ó jojú ní gbèsè" kò dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni.

Má fòyà láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀kọ lààfún ni a fi ń ya ti ẹlẹ́kọ, pé ìyẹ́ adìẹ ni a fi ń yà á, pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í mu àró. Mo kọ ọ́ pé ìko ni a fi ń di oníko, pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni a fi ń ṣe alábẹ́rẹ́. Mo kọ orúkọ àwòrán: bí o bá ní Ìbàdàn Dùn, èyí tó ní òpó ilé Mápó lára, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń wá Ìbàdàn Dùn, orúkọ rẹ̀ ló máa fi wá a.

Oníbàárà kan á pè é ní àdìrẹ, òmíràn á ní kàm̀pálà, ọmọ ilé-ìwé á ní "tie and dye". Lo gbogbo rẹ̀, kí o sì fi olúkúlùkù síbi tó bá a mu. Ọ̀pọ̀ kì í fi àmì ohùn sí i nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí "adire" lásán náà wà níbìkan nínú ọ̀rọ̀ rẹ.

6. Yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú àwòrán àti nínú sítétọ́ọ̀sì

Mo mọ̀ pé sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ dùn ún wò. Tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n wákàtí 24 péré ló ń lò, kò sì sí ẹ̀rọ ìwáǹkan tó lè wọ ibẹ̀. Àwọn tó ti ní nọ́ńbà rẹ ló ń rí i. Àlejò tó ń wá ọ kò rí nǹkan kan.

Fláyà náà ńkọ́? A ó kó iye owó, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà sínú àwòrán aláràbarà kan, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Facebook, a ó sì ní a ti polówó. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ ajé rẹ sábẹ́ bóyá ẹ̀rọ á lè ka ohun tó wà nínú àwòrán. Tún gbogbo rẹ̀ kọ sísàlẹ̀ àwòrán náà. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Fọ́tò tìrẹ gan-an ni kí o sì lò: ẹnu ọ̀nà, pátákó, ọjà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Fọ́tò tó mú oníbàárà wá bá mi jù lọ kò lẹ́wà rárá. Ọwọ́ mi méjèèjì ni, tó ti dúdú fún àró títí dé ọrùn ọwọ́, tí mo ń tẹ́ aṣọ sórí okùn. Àwọn tó rí i mọ̀ pé àwa la ń ṣe é.

7. Jẹ́ kí àwọn tó ti rà jẹ́rìí

Google fúnra wọn ti sọ ọ́ pé ohun mẹ́ta ni àwọn ń wò kí àwọn tó fi ṣọ́ọ̀bù àdúgbò hàn: bó ṣe bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, bó ṣe jìnnà sí i tó, àti bó ṣe gbajúmọ̀ tó. O ò lè gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ sún mọ́ gbogbo ènìyàn. Méjì yòókù wà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀rí oníbàárà sì wà lára ohun tó ń sọni di gbajúmọ̀.

Àṣírí mi nìyí: n kì í sọ pé "Ẹ fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún." Bí mo bá ti ń di ẹrù oníbàárà, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ rà sórí Google, kí ẹ sì sọ bó ṣe rí." Google ń fún ọ ní líǹkì àti àmì QR fún èyí. Mo tẹ tèmi sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì owó.

Wo ìyàtọ̀ náà. Ẹnìkan kọ pé: "Ó dára gan-an." Ẹlòmíràn kọ pé: "Mo ra ẹlẹ́kọ ìdì mẹ́wàá fún aṣọ ẹbí. Mo ti fọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, àró kò ṣí." Bí ẹnìkan bá bi AI pé àdìrẹ ta ni kì í ṣí, èwo nínú àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ tó lè mú?

Má ra ẹ̀rí o. Má sì dín owó ọjà fún ẹni tó bá kọ ọ́. Google lòdì sí i. Mo jẹ́wọ́ pé mo ti fẹ́ bẹ àwọn àbúrò mi mẹ́rin kí wọ́n kọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ mi tó ní, "Màmá, wọn ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ yín rí."

Ẹ̀rí burúkú ńkọ́? Obìnrin kan kọ ọ́ pé àró mi ba aṣọ funfun òun jẹ́. Mo tẹ èsì gígùn kan ní ààjìn òru, èébú lásán ni. Mo pa á rẹ́ kí n tó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó yẹ kí a ti sọ fún yín pé kí ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá." Ó pè mí. Èsì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti di ìmọ̀ràn fún gbogbo ẹni tó bá kà á.

8. Kọ ìdáhùn sí ohun tí wọ́n ń bi ọ́ lójoojúmọ́

Fún ọ̀sẹ̀ kan, kọ gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá bi ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Tèmi rèé: Ṣé ó máa ń ṣí? Yáàdì mélòó ni? Ṣé ẹ lè ṣe àwọ̀ tí mo fẹ́? Ọjọ́ mélòó ni aṣọ ẹbí ọgọ́rùn-ún ènìyàn máa gbà? Báwo ni mo ṣe máa mọ ti Ṣáínà yàtọ̀?

Kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ìdáhùn tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó gbé ìdáhùn náà. Àlàyé lè tẹ̀ lé e. Bí o bá ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ojú ìwé kan ṣoṣo tó fún èyí. Bí o kò bá ní, kọ ọ́ sórí ojú ìwé Facebook rẹ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Èyí tí mo kọ lórí ti Ṣáínà ni wọ́n ń kà jù. Mo ní kí wọ́n yí aṣọ náà padà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀: àró tí a rẹ aṣọ sí sábà máa ń wọ ojú àti ẹ̀yìn, àwọ̀ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í sì í sábà hàn dáadáa lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n wá ibi tí àwòrán kò ti dọ́gba, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í ya nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

9. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Má dúró sórí Google nìkan. Bing ti Microsoft náà ní ibi tí ènìyàn ti ń forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Bing sì ni Copilot ń gbára lé. Àwọn ọmọ wa tó ń lo iPhone nílẹ̀ òkèèrè ń wo máàpù Apple. Ìyẹn náà, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà kan náà. O rántí?

Lẹ́yìn náà, wá ẹnu ẹlòmíràn. Mo bẹ télọ̀ kan tó ń rán aṣọ mi pé bó bá gbé aṣọ sórí Instagram, kó kọ ibi tó ti rà á. Èmi náà ń kọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá bi mí nípa télọ̀. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín bá ní ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rí i pé orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Bí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò bá ń kọ ibi tí àlejò lè lọ, kí wọn, fún wọn ní káàdì rẹ. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ó sì máa ń dùn jù bó bá ti ẹnu ẹlòmíràn jáde.

10. Tọ́jú aago rẹ bí o ṣe ń tọ́jú owó

Bí AI bá sọ pé o ti ṣí, tí oníbàárà sì ti Ṣàgámù wá bá ilẹ̀kùn títì, ìwọ ló máa bínú sí. Ìràwọ̀ kan péré ló sì máa fún ọ.

Google ní àyè fún wákàtí ọjọ́ ọdún. Kí Iléyá tó dé, kí Kérésìmesì tó dé, kí Ọdún Líṣàbí tó dé, wọlé síbẹ̀, kí o sọ bóyá o máa ṣí. Mo ti fi sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi, kí n má bàa gbàgbé.

11. Má purọ́, má sì jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún ọ

AI fúnra rẹ̀ máa ń ṣàṣìṣe. Wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé ChatGPT, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, padà sí ìwé rẹ, kí o tún béèrè àwọn ìbéèrè ọjọ́ kìíní. Bó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, má jókòó máa bá ẹ̀rọ jà. Wá ibi tó ti gbọ́ ọ, kí o tún ibẹ̀ ṣe. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn tí mo pa nọ́ńbà àtijọ́ mi rẹ́ lórí ojú ìwé Facebook kan tí mo ti gbàgbé kí ẹ̀rọ tó dẹ́kun pípè é.

Àwọn ọmọ kan sì ti ń rìn kiri ọjà báyìí, wọ́n ní bí o bá san iye báyìí, àwọn á gbé ọ sípò kìíní nínú AI. Google ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí owó tí ènìyàn lè san fún wọn kó lè rókè láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ìpolówó olówó wà lóòótọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọ́n sì máa ń fi àmì sí i. Sanwó fún ẹni tó máa bá ọ ya fọ́tò tàbí tó máa bá ọ kọ ọ̀rọ̀ bí o bá fẹ́. Má sanwó fún ẹni tó ṣe ìlérí ipò.

Ìgbà wo lo máa rí èrè rẹ̀?

Kì í ṣe lọ́la. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní tèmi, oṣù kẹrin lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ wọlé, tó na fóònù sí mi, tó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n júwe níbí." Mo ṣe bí ẹni pé kò tu irun kan lára mi. Nígbà tó lọ tán, mo jó yí tábìlì ká.

Nísinsìnyí, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á dárúkọ mi, nígbà mìíràn á dárúkọ ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, nígbà mìíràn á pe àwa méjèèjì. Bí ẹni tó wá bá mi bá fẹ́ àwọ̀ tí mi ò ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń darí rẹ̀ sí. Òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ìyá mi, má gbìyànjú láti ṣe gbogbo nǹkan mọ́kànlá yìí lálẹ́ òní. Ṣe ẹyọ kan: mú fóònù rẹ, béèrè ìbéèrè kan bí àlejò, kí o kọ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ sílẹ̀. Lọ́la, kí o tó tẹ́ ọjà, tún ohun kan ṣe nínú rẹ̀. Ọjà rẹ dára, mo mọ̀. Sọ ọ́ síbi tí àlejò ti lè gbọ́.